Bí Mo Ṣe Pa Tòlótòló Igbó Lórí Ilẹ̀ Ìjọba ní Missouri

Ìlú Chicago ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Missouri ni mo ti lọ ṣọdẹ tòlótòló igbó ní ìgbà ìrúwé tó kọjá. Ní Illinois, ìpínlẹ̀ tí Chicago wà, kèké ni wọ́n fi ń pín ìwé àṣẹ ọdẹ tòlótòló ìgbà ìrúwé ní káúńtì kọ̀ọ̀kan, èyí tó pọ̀ jùlọ nínú ilẹ̀ ibẹ̀ ló sì ní ẹni tó ni ín. Ní Missouri, ẹni tó bá ti lówó lọ́wọ́ lè ra ìwé àṣẹ lójú ẹsẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì ní igbó kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mark Twain National Forest, tó tó éékà mílíọ̀nù 1.5, tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀ kankan. Owó tí àlejò ń san ju ìlọ́po mẹ́wàá iye tí onílé ń san lọ. Mo san án láìráhùn, nítorí pé mo mọ ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ ti ṣe: ó kù díẹ̀ kí tòlótòló igbó parun ní Missouri kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ní Peck Ranch láti ọdún 1954, tí wọ́n ń kó wọn lọ tú sílẹ̀ ní àwọn igbó mìíràn. Ọdún 1960 ni wọ́n tó tún ṣí àsìkò ọdẹ rẹ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí n tó gbéra, mo ti ka ìwé òfin ọdẹ Missouri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé òfin ìpínlẹ̀ kan kì í ṣe òfin èkejì, “n kò mọ̀” kò sì lè gba ènìyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá igbó. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1967 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí pé òun ti kọ́ ẹ̀kọ́ ọdẹ. Èyí tí mo gbà ní Illinois ni mo lò. Akọ, tàbí èyí tó bá ní irùngbọ̀n láyà, nìkan ni a lè pa. A kò gbọdọ̀ da àgbàdo sílẹ̀ láti fi tan ẹyẹ, a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ gbé ohùn ẹyẹ jáde, ọta wẹ́wẹ́ inú kátíríìjì kò sì gbọdọ̀ tóbi ju nọ́ńbà 4 lọ. Àwọn ọdẹ wa nílé tí wọ́n ń gbé iná kábáàdì sórí wọ igbó lóru yóò rí i pé ọ̀ràn ti ibí yàtọ̀: ààbọ̀ wákàtí ṣáájú kí oòrùn tó yọ ni a lè bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn, ní aago kan ọ̀sán, ìbọn ti gbọ́dọ̀ dákẹ́ lórí ilẹ̀ ìjọba. Mo yọ gbogbo ọta inú ìbọn mi, mo tì í mọ́ inú àpótí, mo sì gbé e sí búùtù ọkọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 1986 ṣe fún arìnrìn-àjò láyè láti gbé ìbọn la ìpínlẹ̀ kọjá.

Máàpù ló gba àkókò mi jùlọ. Igbó ìjọba yìí kò wà lójú kan. Oko àwọn ènìyàn wọ inú rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ààlà rẹ̀ sì máa ń gba ibi tí ènìyàn kò lè rò. Áàpù onX ni mo fi ń wo ibi tí ilẹ̀ ìjọba parí sí, ṣùgbọ́n mi ò gbára lé e nìkan. Àlejò lójú, kò fi ríran: ní Missouri, ọ̀dà aláwọ̀ elésè àlùkò tí wọ́n fà sára igi tàbí òpó jẹ́ ìkìlọ̀ lábẹ́ òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé, ìbáà má sí àkọlé kankan níbẹ̀. Mo rí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní etí ọ̀nà, mo sì ń yà fún un.

Agbègbè Paddy Creek nínú igbó ìjọba yìí, ní ìhà gúúsù ìlú Rolla, ni mo yàn. Ó tó nǹkan bíi éékà 7,000 tí wọn kò gba ọkọ̀ láyè láti wọ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere pàápàá kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn, nítorí pé lórí ilẹ̀ ìjọba, ọ̀pọ̀ ọdẹ kì í fẹ́ jìnnà sí ọkọ̀ wọn, ẹyẹ sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tún mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ara ń yá. Àsìkò náà máa ń ṣí ní ọjọ́ Ajé kẹta oṣù Kẹrin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ni. Tó bá fi máa di àárín rẹ̀, ọ̀pọ̀ abo ti ń sàba, akọ a wá máa rìn kiri láìrí ẹni bá rìn.

Kí n tó wọgbó, mo fi oògùn permethrin sí ṣòkòtò àti ìbọ̀sẹ̀ mi láti ilé, nítorí eégbọn. Eégbọn pọ̀ ní òkè Ozark, níbi tí igbó yìí wà, irú kan sì wà níbẹ̀ tí abo rẹ̀ ní àmì funfun kan ṣoṣo lẹ́yìn. Bó bá bu ènìyàn jẹ, ara onítọ̀hún lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹran màlúù, ẹran ewúrẹ́ àti ti ẹlẹ́dẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí irú ẹ̀ bá ọmọ Yorùbá ní ọjọ́ àríyá.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo dúró sórí òkè kan, mo ń ké bí òwìwí. Tòlótòló tó ti fò sórí igi láti sùn kì í lè mú ohùn òwìwí mọ́ra. Á dáhùn láìrò ó, ìyẹn ni ọdẹ fi ń mọ ibi tó wà. Mo rẹ́rìn-ín ara mi díẹ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí òwìwí bá ké lórí òrùlé, àdúrà ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo wá dúró nínú òkùnkùn tí mò ń pè é. Akọ kan dáhùn láti òdìkejì àfonífojì, mo fi àmì sí ibẹ̀ lórí máàpù, mo sì padà sínú àgọ́.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo jáde. Ọkọ̀ ọdẹ mìíràn ti wà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tí mo fojú sí, nítorí náà mo kọjá lọ sí èkejì. Òfin kò fi dandan lé e, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún. Mo rìn gba ẹ̀yìn òkè, mo jókòó ti igi óákù kan tó fẹ̀ ju èjìká mi lọ, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn kò fi ní ṣi ìbọn yìn sí mi. Nítorí ìdí yìí kan náà ni n kò fi wọ ohunkóhun tó pupa, tó funfun tàbí tó ní àwọ̀ búlúù: àwọ̀ orí akọ tòlótòló nìwọ̀nyí. Mo fi ìgbésẹ̀ díwọ̀n 30 dé ibi igi kan níwájú mi, mo pinnu pé ohun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, n kò ní yìnbọn sí i.

Sílẹ́ètì kékeré kan àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń ṣe ohùn abo. Mo fi igi náà yí lójú sílẹ́ètì, ó dún lẹ́ẹ̀mẹta ní ohùn pẹ̀lẹ́, akọ náà dáhùn láti orí igi, mo sì gbé e sílẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣejù. Bó ti wà nínú ìṣẹ̀dá wọn, abo ló ń lọ bá akọ. Ẹni tó bá ń pè é láìsinmi yóò jẹ́ kí akọ dúró sójú kan kí “ìyàwó” wá bá a. Mo gbọ́ nígbà tí ó fò sílẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn kò dún mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ débi pé ẹsẹ̀ mi kan kú. N kò mira, nítorí pé ojú tòlótòló mú ju ti ènìyàn lọ púpọ̀. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ìró kan tó ń dún wùùù ní ohùn ìsàlẹ̀, tí ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi àyà gbọ́ dípò etí, orí funfun kan sì yọ lẹ́yìn kùkùté. Ó jáde tán, ó fẹ ìrù bí abẹ̀bẹ̀, ó ń fi ìyẹ́ apá wọ́ ilẹ̀. Nígbà tó pa ìrù dé tó na ọrùn sókè láti wá abo tó ń pè é, mo yìnbọn sí ọrùn náà.

Mo fi àmì sí ìwé àṣẹ mi lójú ẹsẹ̀ pé mo ti lò ó, kí n tó gbé ẹyẹ náà kúrò. Ó wọ̀n bíi kìlógíráàmù 9. Irùngbọ̀n rẹ̀ le bí irun ìrù ẹṣin. Inú àpò aláwọ̀ ọsàn ni mo gbé e sí kọ́ èjìká, kí ọdẹ mìíràn má bàa rí ìyẹ́ tó ń mì láàárín igi. Fóònù mi kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àfi ìgbà tí mo wakọ̀ dé ojú títì, níbẹ̀ ni mo ti fi pípa rẹ̀ tó ìjọba létí, tí wọ́n sì fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀rí. Èyí gbọ́dọ̀ ṣáájú kíkun ẹran àti kíkúrò ní ìpínlẹ̀ náà. Mo kun ún, mo kó o sínú kúlà tó kún fún yìnyín, mo sì kọjú sí Chicago. Ẹran àyà rẹ̀ kò gba iná púpọ̀, ṣùgbọ́n itan àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti tòlótòló inú fíríjì ọjà: iná díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí bíi mẹ́ta ni mo fi bọ̀ ọ́ kí n tó dà á sínú ọbẹ̀ ata.