Bí Ẹ Bá Ń Sin Aboyún Roma Lọ Sílé Ìwòsàn ní Slovakia

Ìlà-oòrùn Slovakia, ní Yúróòpù, ni mo wà, àwọn aboyún Roma, ẹ̀yà kékeré kan tí wọ́n máa ń fojú pa rẹ́ níbí, ni mo sì máa ń sìn lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìwé ni kó dójú lé.

Lóṣù Kẹjọ ọdún 2000, nílé ìwòsàn kan ní Prešov, wọ́n gbé ìwé ka obìnrin Roma kan mọ́ ibi tó ti ń rọbí. Wọ́n ní bó bá tún lóyún, ó lè kú tàbí kí ọmọ kú. Ìrora ò jẹ́ kó mọ ohun tó ń fọwọ́ sí. Wọ́n bá sọ ọ́ di ẹni tí ò lè bímọ mọ́. Ó di ọdún 2011 kí Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù tó wà ní Strasbourg tó dá a láre.

Nítorí náà, ẹ ti jókòó ti aboyún tẹ́ ẹ fẹ́ sìn nílé kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé. Bí ẹ ò bá gbọ́ èdè Romani, ẹ pe òṣìṣẹ́ Zdravé regióny, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìlera ládùúgbò àwọn Roma, tó wà nítòsí. Ẹ jẹ́ kí aboyún náà mọ̀ pé lábẹ́ òfin, ẹni tí wọ́n máa dá ọmọ bíbí rẹ̀ dúró gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè fúnra rẹ̀, 30 ọjọ́ sì gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn ìfọwọ́sí kí dókítà tó fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá nígbà tó ń rọbí, kó sọ pé: "Ẹ jẹ́ kí n bímọ tán ná." Ẹ má da èyí pọ̀ mọ́ ìwé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbẹ̀bí o, bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, kó má fi falẹ̀ rárá.

Tí wọ́n bá ti gbà á sí wọ́ọ̀dù, ẹ wo àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yòókù. Bó bá jẹ́ Roma nìkan ni wọ́n kó sí yàrá kan, ẹ béèrè ìdí lọ́wọ́ ọ̀gá nọ́ọ̀sì. Èsì tí mo máa ń gbọ́ ni pé àwọn fúnra wọn ló fẹ́ wà pa pọ̀. Ẹ bi obìnrin náà níṣojú nọ́ọ̀sì bóyá òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yàrá, aago tó lù àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá fi máa di alẹ́, ẹ ti gbàgbé ìdajì.

Tó bá bímọ tán, ẹ gba ẹ̀dà fáìlì rẹ̀. Obìnrin Roma 8 ló pẹjọ́ nítorí pé wọ́n ní kí wọ́n fọwọ́ da fáìlì wọn kọ, wọn ò gbọdọ̀ ṣe fọ́tòkọ́pì. Wọ́n jàre ní Strasbourg lọ́dún 2009. Ẹni tó bá béèrè ò sì ní láti ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ojú ìwé iṣẹ́ abẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá wọ́n dá ọmọ bíbí rẹ̀ dúró. Ní orílẹ̀-èdè Czech tó múlé tì wá, ìjọba ṣòfin pé àwọn máa san 300,000 koruna, owó ilẹ̀ wọn, fún àwọn tí wọ́n dá ọmọ bíbí wọn dúró láìbófinmu, àmọ́ fáìlì àwọn kan ti pa run nílé ìwòsàn, wọ́n sì torí ẹ̀ kọ ẹ̀bẹ̀ wọn. Ó dùn mí dọ́kàn.

Tí nǹkan bá wọ́ níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ná. Bí 30 ọjọ́ bá kọjá láìsí èsì gidi, ẹ gbé e lọ sí ÚDZS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ìtọ́jú aláìsàn. Ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ojúlówó ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ obìnrin náà.