Bí mo ṣe gbé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù mi fún àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́

Lọ́jọ́ tí mo lọ ra síìpù àti láínì ní ọjà Gbági, ìgbà mọ́kànlá ni fóònù mi dún. "Àǹtí, epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, ṣé ká rà?" "Àǹtí, kọsítọ́mà ní ká yọ 1,000 náírà fún òun." Ẹni mẹ́rin péré ló ń bá mi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Challenge, n'Ìbàdàn, àmọ́ bí mi ò bá sí níbẹ̀, iṣẹ́ á dúró gbagidi. Èmi náà ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dá nǹkan ṣe láìbi mí, ariwo mi ló máa fi jẹun alẹ́.

Owó ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kó 20,000 náírà sínú agolo mílíìkì, mo gbé e fún ẹni tó ń gé aṣọ: kó máa ra epo, òwú àti abẹ́rẹ́ maṣíìnì láìpè mí, kó sáà ti kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà la jókòó kọ iye tí à ń rán ìró àti bùbá, gáùn àti ṣòkòtò, pẹ̀lú iye tí a ò gbọdọ̀ gbà kéré sí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé wọ́n mọ iye epo àti òwú tí gáùn kan ń jẹ jù mí lọ.

Àtúnṣe aṣọ ló le jù. Mo ní bí a bá ba aṣọ jẹ́, tí àtúnṣe rẹ̀ ò ju 5,000 náírà lọ, kí wọ́n má dúró dè mí. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, obìnrin kan wá gba aṣọ ẹbí tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Abíyá rẹ̀ fún un pinpin. Ẹni tó ń gé aṣọ wò mí lójú. Ẹnu ń yún mi! Mo mú báàgì mi, mo ní mò ń lọ ra bọ̀ọ̀lì. Kí n tó dé, ó ti tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ, ó ti fi àjákù léèsì náà lẹ̀ ẹ́ lábẹ́ abíyá, ó sì ti dá 2,000 náírà padà. Èmi ò bá má dá kọ́bọ̀ padà. Lóṣù tó tẹ̀lé e, obìnrin náà kó aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ wá.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti rán gáùn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní iye tó rẹlẹ̀ ju èyí tí a kọ. Mi ò pariwo. A ka ìwé náà sókè nírọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, ojú ara rẹ̀ ló tì í.

Kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ tí owó kọsítọ́mà ń wọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ń gé aṣọ ti bi mí léèrè ẹ̀ẹ̀mejì. Mi ò tíì dá a lóhùn.