Àwòrán oòrùn lórí fóònù kò sọ bí omi ṣe máa rí: àṣìṣe tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣe fàájì ń ṣe ní Òkè Ọya

Àṣìṣe kan ló gba iwájú gbogbo àṣìṣe yòókù. Èèyàn á ṣí fóònù láàárọ̀ Sátidé, á rí àwòrán oòrùn pẹ̀lú òjò ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, á sì kó ìyàwó àtọmọ sínú ọkọ̀, ó di adágún Jabi ní Abuja tàbí adágún Kainji lórí odò Ọya. Òjò kọ́ ló sábà máa ń da ọkọ̀ dé. Ẹ̀fúùfù tó ń ṣíwájú òjò ni, àwòrán oòrùn yẹn kò sì sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Ní Òkè Ọya, ní Oṣù Kẹrin àti Oṣù Karùn-ún, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní Oṣù Kẹsàn-án àti Oṣù Kẹwàá, ìjì a máa tò bí ògiri, á sì máa bọ̀ láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ó lè máa rin nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Èyí tó bá wà lórí Keffi ní aago mẹ́ta ọ̀sán lè ti dé Jabi ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Kí ẹ̀kán òjò kan tó kán, afẹ́fẹ́ tútù á já bọ́ láti inú àwọsánmà, á tú ká sójú omi, omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ á sì di fòfò kí ẹ tó rí ibi yí ọkọ̀ padà sí. Nítorí náà, ẹ má wo àsọtẹ́lẹ̀ tó kó odindi ọjọ́ pọ̀ sójú kan. Èyí tó ń sọ ọ́ ní wákàtí-wákàtí ni kí ẹ ṣí, kí ẹ sì wá ìlà méjì níbẹ̀: atẹ́gùn tó ń fẹ́ déédéé, àti atẹ́gùn òjijì. Ti òjijì ni kí ẹ fi ṣèpinnu. Bí atẹ́gùn bá kúrò ní 20 tó di 40, agbára tó fi ń ti ọkọ̀ kò di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló dà. Ìdájọ́ tiwa ni pé ọkọ̀ kékeré tó kó ìdílé kò gbọdọ̀ kúrò ní èbúté bí ti òjijì bá ti kọjá kìlómítà 30 ní wákàtí kan.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń ka nọ́ḿbà sódì. Áàpù mìíràn ń fi nọ́ọ̀tì (knot), òṣùwọ̀n eré àwọn atukọ̀, ka atẹ́gùn, nọ́ọ̀tì kan sì jẹ́ kìlómítà 1.85 ní wákàtí kan. Ẹni tó rí 20 tó rò pé kìlómítà ni, ń lọ pàdé 37. Bákan náà, bí wọ́n bá kọ UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, sí ẹ̀gbẹ́ aago, ẹ fi wákàtí kan kún un: 14 UTC ni aago mẹ́ta ọ̀sán wa.

Àṣìṣe kejì ni kí a gba gíga ìgbì tí áàpù kọ gbọ́. Omi òkun ni wọ́n dìídì ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà tí áàpù fi ń mú un jáde fún. Jabi kéré jù lójú wọn. Bí ẹ bá rí 0.0 níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé omi tòrò, ó lè jẹ́ pé ìṣirò náà kò mọ̀ pé omi wà níbẹ̀ rárá. Ẹ fojú ara yín ṣírò rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló ń gbé ìgbì dìde: bí atẹ́gùn ṣe le tó, bó ṣe pẹ́ tó tó ti ń fẹ́, àti bí omi tó ń gbà kọjá ṣe gùn tó kó tó kàn yín. Omi Jabi kò gùn, ìgbì rẹ̀ kì í sábà tó ìdajì mítà. Ti Kainji yàtọ̀. Ó gùn ju kìlómítà 130 lọ, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bíi 24 níbi tó fẹ̀ jù. Atẹ́gùn kìlómítà 50 ní wákàtí kan, tó bá fẹ́ kọjá lórí omi tó gùn ní kìlómítà 10 fún bíi wákàtí méjì, lè gbé ìgbì tó ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70. Ẹ rántí pé nọ́ḿbà yẹn jẹ́ ìpíndọ́gba ìdá kan nínú mẹ́ta tó ga jù nínú àwọn ìgbì, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ìgbì adágún sì kúrú, wọ́n ń sá tẹ̀lé ara wọn, ọkọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ga á máa bu omi mu. Lásìkò ìjì, etí omi ti ìlà-oòrùn ló sàn, torí atẹ́gùn kò tíì rí ibi sáré dé. Àmọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá kú níbẹ̀, àárín omi ni atẹ́gùn máa gbé yín lọ, torí náà ìdákọ̀ró àti okùn tó gùn dáadáa gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀.

Àwọn mìíràn a máa ṣí áàpù mẹ́ta, kí wọ́n lè sọ pé gbogbo wọn fẹnu kò. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń pọn nínú kànga kan náà, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n. Ẹ wá orúkọ ìṣirò tí áàpù ń lò. GFS ti Amẹ́ríkà ń pín ayé sí ojú-ojú bí àwọ̀n, ojú kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 13, ti ECMWF ti ilẹ̀ Yúróòpù tó nǹkan bíi 9. Ẹ fi àwọn méjèèjì wéra, kí ẹ tún ka ìkìlọ̀ NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ti ọjọ́ yẹn. Bí wọn kò bá ṣọ̀kan, èyí tó burú jù ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má mú èyí tó dùn mọ́ yín nínú. Àsọtẹ́lẹ̀ tí ẹ kà ní Wẹ́sidé kò tó fún Sátidé. GFS ń jáde lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ẹ tún un wò láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Àsọtẹ́lẹ̀ ọlọ́dọọdún tí NiMet ń gbé jáde sì wà fún àgbẹ̀ àti ìjọba, kò lè sọ bí ọ̀sán ọjọ́ kan ṣe máa rí.

Ní ìgbà ọyẹ́, eruku ni kí ẹ wò, kì í ṣe òjò. Bí ẹ kò bá rí etí omi kejì tí ẹ máa ń rí, ẹ dúró sílé.

Èyí tí áàpù ojú ọjọ́ kankan kò ní sọ fún yín ni omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìsédò (dam). Nísàlẹ̀ Kainji, Jebba àti Shiroro, odò lè kún lójú oòrùn. Odò Ọya pàápàá ní ìkún omi tó ń ti ilẹ̀ Guinea àti Mali bọ̀, tó ń dé Kainji láti bí Oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró nílẹ̀ wa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja àti àwọn òṣìṣẹ́ NIWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi ilẹ̀ Nàìjíríà, tó wà ní èbúté kí ẹ tó wọkọ̀.

Tí ẹ bá sì ti wà lójú omi, ẹ má tún máa wo fóònù. Ojú ọ̀run ìlà-oòrùn ni kí ẹ máa wò. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá á fi sán, kí ẹ fi 3 pín in: iye kìlómítà tí ìjì fi jìnnà sí yín nìyẹn. Bí ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ kà bá ti di 30 sísàlẹ̀, ìjì kò jìnnà ju kìlómítà 10 lọ mọ́, ó yẹ kí ẹ ti wà létí omi. Bí ìṣẹ́jú 30 kò bá sì tíì kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn, ẹ má tú okùn ọkọ̀.