Bí Mo Ṣe Tọpa Oògùn Màmá Mi ní Ìkòròdú

Ìgbà tí màmá mi ṣubú ní balùwẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni inú bí mi débi tí mo kó gbogbo ìwé oògùn wọn síta. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n. Tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ń gbàgbé nǹkan ni, wọ́n sì ń bá bàbá mi tó ti kú sọ̀rọ̀ lóru. Oṣù mẹ́rin tí a bẹ̀rẹ̀ oògùn, ọwọ́ ń gbọ̀n, itọ́ ń dà, ọrùn ò ṣeé yí. Owó tí a fi ya fọ́tò egungun lẹ́yìn ìṣubú yẹn ju owó oúnjẹ oṣù kan lọ.

Mo fi ọjọ́ to àwọn ìwé náà. Haloperidol 5mg, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, láàárọ̀ àti lálẹ́, ni dókítà kìíní kọ. Nígbà tí ara gan, dókítà kejì fi benzhexol, oògùn tó ń dín gígan ara kù, kún un. Ẹ̀kẹta gbọ́ pé wọn kì í sùn, ó fi chlorpromazine, oògùn ọpọlọ mìíràn tó ń múni sùn, lé e. Kò sẹ́ni tó yọ ẹyọ kan kúrò! Benzhexol yẹn gan-an sì máa ń da orí arúgbó rú.

Ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí ní ọsibítù ló fẹ́ pa mí lẹ́kún. Ìwé oògùn kì í sọ ìdí, fáìlì ló ń sọ ọ́. Ọjọ́ kìíní, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ò wá. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní fáìlì ti lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn tọ̀hún ní kí n padà síbi tí mo ti ń bọ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì ni mò ń wọ̀ láti Èbúté, mo sì ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ní n ò lọ. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ló sún mọ́ mi: “Àǹtí, ṣé ẹ ti ní kí wọ́n wá orúkọ bàbá tó bí wọn?” Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, fáìlì ti jáde. Orúkọ bàbá wọn ni wọ́n fi kọ ọ́, kì í ṣe ti ọkọ.

Ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò ju “wọn ò fara balẹ̀” lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni màmá ń ké pé ìtọ̀ ń ta wọ́n, kò sì sẹ́ni tó yẹ ìtọ̀ wò, bẹ́ẹ̀ kòkòrò inú ìtọ̀ lè sọ arúgbó di ẹni tó ń ṣe ségesège láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ bá dókítà ọpọlọ kan ní Yaba. Ó kà á tán, ó ní ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ fún ọ̀dọ́ ni wọ́n kọ fún màmá, 0.5mg ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún arúgbó. Ó ní láti ọdún 2005 ni àjọ oògùn Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé àwọn tuntun inú irú oògùn yìí ń mú kí ikú pọ̀ láàárín arúgbó tí iyè wọn ti ra; ní 2008 wọ́n fi àwọn àtijọ́ bíi haloperidol kún un. Ó ní a ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Díẹ̀díẹ̀ la fi dín in kù, lábẹ́ ojú rẹ̀.

Ká ní mo mọ̀ ni, ọjọ́ kìíní ni ǹ bá ti béèrè ìgbà tí a máa dá oògùn náà dúró, kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì. Ǹ bá má sì jẹ́ kí kẹ́mísì ní Sábó máa fi ìwé àtijọ́ tà á fún wa lóṣooṣù.

Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n mọ́. Lánàá, àwọn fúnra wọn ló já ewédú tí a fi jẹ ọkà.