Ẹ yé fowó ṣòfò lórí Longjing: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ó ti sú mi. Gbogbo ìgbà lẹnìkan máa ń wá bá mi pé òun ra Longjing, gíríìn tíì Hangzhou ní China tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ kiri, owó gọbọi, òun wá pò ó tán ó korò, ó ń fa òun láhọ́n, ṣé wọn ò ti lu òun ní jìbìtì báyìí? Nígbà míì wọ́n lù yín lóòótọ́, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ yín ni tíì yẹn kú sí.

1. Omi tó ń hó. Kẹ́tùlù ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ gbé e, ẹ dà á lé ewé lórí. Kí ló dé? Ọ̀mùnú ewé lẹ rà o, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yan ojúlówó ẹ̀ nínú agbada títí tó fi pẹlẹbẹ, omi gbígbóná yẹn á fa gbogbo kíkorò inú ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. 80°C ti tó. Ẹ ò ní tẹmómítà? Ẹ da omi sínú ife míì ná, ẹ jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀. Ìyàwó mi ní èmi nìkan lòun mọ̀ tó ń se omi hó tán tó tún ń jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ òkú. Mo gbà.

2. Ewé àpọ̀jù. Gíráàmù 3 sí omi mílílítà 150, ó parí.

3. Mílíìkì. Rárá. Ṣúgà náà, rárá.

4. Ìkánjú. Èyí gan-an ló ń dùn mí. Longjing tó wọ́n jù lèyí tí wọ́n já ṣáájú Qingming, ọjọ́ tí àwọn ará China ń tún sàréè ṣe, ìyẹn April 4 tàbí 5, mingqian ni wọ́n ń pè é. Òtútù ò jẹ́ kó yára hù, ewé ẹ̀ kéré, adùn ẹ̀ pọ̀, gbogbo ayé wá ń dù ú. Àbúrò kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní ìparí February, "Bọ̀ọ̀dá, Xihu Longjing tuntun ti dé!" (Xihu ni àgbègbè adágún kan ní Hangzhou, Longjing ibẹ̀ ló lórúkọ jù), ó sì ti sanwó. February kẹ̀? Ibo ni wọ́n ti já a, inú fíríìjì? Longjing 43, irú igi tíì kan tó máa ń tètè hù, òun pàápàá, ní àgbègbè Xihu ó di àárín March lọ sókè kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, irú àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní qunti tún ń pẹ́ jù ú lọ. Mo ní Wuniuzao lo rà, tíì míì ni, ti Yongjia, ní Zhejiang, ìpínlẹ̀ kan náà tí Hangzhou wà, òun ló máa ń tètè hù, wọ́n á yan án pẹlẹbẹ kó lè jọ Longjing. Ó ní rárá, oníṣòwò fi fídíò òkè han òun. Fídíò! Ta ni ò lè ya fídíò òkè? Kì í ṣe pé Wuniuzao burú o, èmi náà ń mu ún, àmọ́ owó ẹ̀ ni kẹ́ ẹ san fún un. Òórùn ẹ̀ fúyẹ́, kì í pẹ́ lẹ́nu. Longjing gidi, bí ẹ bá gbé e mì tán, adùn ẹ̀ ṣì wà lọ́fun, pẹ̀lú òórùn chestnut yíyan yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ń ra "Xihu" olówó pọ́ọ́kú, àgbègbè tí òfin gbà fún orúkọ yẹn ò ju kìlómítà onígun mẹ́rin 168 lọ, báwo ló ṣe fẹ́ kárí gbogbo yín? Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti Qiantang tàbí Yuezhou, àgbègbè méjì míì ní Zhejiang, Longjing làwọn náà, owó wọn mọ níwọ̀n.

Ẹ má fi àwọ̀ mọ tíì tó dáa. Ti Shifeng, òkè kan ní Xihu, tó dáa máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀, èyí tó tutù yọ̀yọ̀ kọ́ ló dáa jù.

Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú àti ẹja gbígbẹ, tíì máa ń fa òórùn.

Gíláàsì lẹ máa fi pò ó, ẹ má dé e. Ẹ má sì mu ún gbẹ: tó bá ku ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ da omi míì sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èyí tó tẹ̀lé e ò ní lẹ́nu. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn ìyẹn ẹ da ewé nù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.