Bẹ́ ẹ ṣe lè fi ọjọ́ kan rìn ká Àgbádárìgì, kẹ́ ẹ má sì kàn ya fọ́tò nìkan bọ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá dé Àgbádárìgì, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni wọ́n máa ń sáré lọ, wọ́n á ya fọ́tò níwájú ẹ̀, wọ́n á wọkọ̀ ojú omi sọdá sí bíìṣì, wọ́n á jó fún TikTok díẹ̀, ó parí. Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ ṣe é báyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìlú yẹn yé yín, ọ̀nà tí wọ́n da àwọn ẹrú gbà ni kẹ́ ẹ tọ̀, láti ọjà dé yàrá tí wọ́n há wọn mọ́, dé etí ọ̀sà, dé òdìkejì, kẹ́ ẹ wá fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ọ̀sán nígbà tóòrùn bá ti mú, ṣebí inú ilé lẹ máa wà nígbà yẹn.

Ẹ tètè kúrò nílé o. Mile 2 lẹ ti máa rí mọ́tò, àwọn agbèrò á máa pè é lẹ́ẹ̀kan náà ni. Tó bá jẹ́ Island lẹ ti ń bọ̀, rélùweè Blue Line tó ti ń kó èrò láàárín Marina àti Mile 2 láti 2023 dáa jù, ó máa yọ yín nínú gosiló. Ọ̀nà yẹn náà ló lọ sí bodè Sẹ̀mẹ̀, torí náà ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù, imigiréṣọ̀n, gbogbo wọn ló wà lójú ọ̀nà, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, tẹ́ ẹ bá sì ń padà bọ̀ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ bá òun gbé àpò ìrẹsì kan péré dé Mile 2, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé ẹ̀ fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ ní kí dẹ́rẹ́bà já yín sí ráńdàbáùtù Àgbádárìgì, kẹ́ ẹ gun ọ̀kadà wọ Marina tibẹ̀, kì í ṣe ti Island o, ó ti bọ́ sí etí ọ̀sà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó: ẹ mú kéèṣì dání, kẹ́ ẹ sì ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́, torí ibi kọ̀ọ̀kan lẹ ti máa sanwó tiẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn gáìdì máa wá bá yín. Ẹ mú ọ̀kan, ó sàn ju kẹ́ ẹ máa dá rìn lọ, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan ẹ bi í pé, "Bọ̀dá, èló ni gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, ṣé owó ọkọ̀ ojú omi àti owó ìwọlé wà nínú ẹ̀?" Tó bá ti ń ṣe àsọìsọtán, ẹ pe ẹlòmíì.

Ibi ọjà Vlekete lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1502 ni wọ́n máa ń sọ pé ọjà ẹrú yẹn bẹ̀rẹ̀, orúkọ òrìṣà òkun àwọn Ògù, àwọn táwa ń pè ní Ègùn, ni wọ́n sì fi pè é. Kò sí nǹkan rẹpẹtẹ láti wò níbẹ̀, kò ní gbà yín lákòókò. Ibi tẹ́ ẹ ti máa pẹ́ ni mùsíọ́ọ̀mù ìdílé Mobee, àwọn ọmọ ilé yẹn fúnra wọn ló ń bójú tó o, bàbá wọn àtijọ́ wà lára àwọn tó ta ẹrú, wọn ò sì fi pamọ́. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ di ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń de ẹrú mú. Ẹ má kàn wò ó látòkèèrè. Irin tó ti dúdú, tó nípọn, tẹ́ ẹ bá gbé e lọ́wọ́ kan apá á kọ́kọ́ rẹlẹ̀, ẹ wá rò ó pé ọrùn ni wọ́n ń so ó mọ́, ẹni méjì pọ̀, ẹ̀wọ̀n ọmọdé sì wà níbẹ̀ lọ́tọ̀, àti irin tí wọ́n fi ń ti ẹnu pa. Tẹ́ ẹ bá kó ọmọ dání, ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé.

Láti ibẹ̀, ilé Séríkì Williams Abass, tí wọ́n ń pè ní Brazilian Baracoon, ìyẹn ilé tí wọ́n ń há ẹrú mọ́. Ọ̀rọ̀ bàbá yìí máa ń dà mí láàmú. Ọmọ Yorùbá ni, láti Jọga-Orílé ní ilẹ̀ Yewa, wọ́n mú un lẹ́rú ní kékeré, ó dé Brazil, ó gba orúkọ olówó ẹ̀, nígbà tó padà wálé òun náà wá di oníṣòwò ẹrú ńlá. Yàrá ogójì ló wà nínú àgbàlá yẹn, wọ́n sì ní ogójì èèyàn ni wọ́n ń kó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ dúró sínú yàrá tí wọ́n bá ṣí fún yín, ẹ wo fèrèsé kékeré tó wà lókè lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ wá ka èèyàn ogójì sínú ẹ̀ lọ́kàn yín. Ibojì Séríkì náà wà nínú àgbàlá, 1919 ló kú. Àwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ṣì ń gbé ibẹ̀ o, torí náà ẹ kí wọn dáadáa, kẹ́ ẹ sì tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò ẹnu ọ̀nà wọn.

Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ ti sọdá kí aago mọ́kànlá tó lù. Etí ọ̀sà ní Marina lọkọ̀ wà, kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n ẹ gba láífù jákẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ sì wọ̀ ọ́, kódà tí ọlọ́kọ̀ bá ń fi yín rẹ́rìn-ín. Òdìkejì yẹn ni Gbẹrẹfú. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn lórí iyanrìn dé etí òkun, tí bàtà yín bá jẹ́ sílípáàsì lásán, iyanrìn gbígbóná á jẹ yín lẹ́sẹ̀, ọ̀kadà wà fún àgbàlagbà tí ò lè rìn. Ní ààrin ọ̀nà lẹ máa bá kànga kan, wọ́n ní wọ́n ti fi oògùn sí omi ẹ̀, tí ẹrú bá ti mu ún á gbàgbé ilé, á máa tẹ̀lé wọn bí òpè. Gáìdì míì lè fi iyọ̀ sí i, ẹ ṣáà gbọ́ ọ. Ibi tí wọ́n gbé òpó ńlá sí létí òkun ni Point of No Return. Ẹ má wẹ̀ níbẹ̀, òkun yẹn ń fa èèyàn lọ, òkun gidi ni, kì í ṣe ọ̀sà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkọ̀ kọjá.

Tẹ́ ẹ bá ti padà dé Marina, ẹ jẹun. Ẹja tútù lẹ wá fún, ẹ má lọ máa wá fráìdì ráìsì kiri. Àgbọn náà pọ̀ níbẹ̀ ju ibikíbi ní ìpínlẹ̀ Èkó lọ, ẹ ní kí wọ́n là á fún yín kẹ́ ẹ mu omi ẹ̀.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wá kàn. Àwọn míṣọ́nnárì CMS, ìyẹn ti ìjọ Áńgílíkà, ló kọ́ ọ, 1845 ni wọ́n parí ẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ajayi Crowther gbé ìlú yẹn lọ́dún 1845 sí 1846 nígbà tí ọ̀nà Abẹ́òkúta ò tíì ṣeé gbà, inú ilé yẹn náà sì ni wọ́n á ti sọ fún yín nípa iṣẹ́ tó ṣe lórí Bíbélì Yorùbá, wọ́n á fi Bíbélì àtijọ́ hàn yín. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ yà síbi igi Àgíyà, tí wọ́n ti wàásù Kérésìmesì lọ́dún 1842. Igi náà ti wó láti 1959, òkúta ìrántí lẹ máa bá. Tí àkókò bá ṣì kù, mùsíọ́ọ̀mù ìjọba wà nínú ọ́fíìsì tí D.O., ọ̀gá tí ìjọba òyìnbó fi ṣe olórí àgbègbè, ń lò láyé ọjọ́un, tí wọ́n kọ́ ní 1863, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ Mobee, ẹ lè fo ti ìjọba.

Kí aago mẹ́rin tó kọjá púpọ̀, kẹ́ ẹ ti wà ní ráńdàbáùtù, torí tí ilẹ̀ bá ṣú bá yín lójú ọ̀nà yẹn, ẹ̀ẹ́ jókòó pẹ́. Àwọn tó fẹ́ sun ibẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì wà, tẹ́ ẹ bá sì pàdé Zangbeto, eégún àwọn Ògù tó ń ṣọ́ ìlú, lálẹ́, ẹ yà fún un, ẹ má gbé fóònù jáde. Àwọn tó ń lọlé, ẹ ra baba dúdú àti gúrúndì dání kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò, gosiló Ọ̀kọ́kọ́máíkò ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ tètè rí oúnjẹ alẹ́.