Bí Mo Ṣe Fi Íńtálọ́ọ̀kì Tẹ́ Ẹ̀yìnkùlé Wa

Tó bá ti di oṣù kẹfà, ẹ̀yìnkùlé wa n'Íbàdàn kì í gbẹ mọ́. Ibi tí a ń sá aṣọ sí gan-an ni omi máa ń dúró sí, ẹrẹ̀ á sì tẹ̀lé bàtà àwọn ọmọ wọ pálọ̀. Nígbà tí bíríkìlà dá iye tó máa gbà láti fi íńtálọ́ọ̀kì, ìyẹn bíríkì kọnkéré tí wọ́n ń tò sílẹ̀, tẹ́ ibẹ̀, ẹ̀rín ló pa mí. Mo ní èmi àti àbúrò mi á ṣe é.

Ilẹ̀ náà gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3. Íńtálọ́ọ̀kì tí mo mú gùn ní sẹ̀ntímítà 20, ó fẹ̀ ní 10, ó nípọn ní 6. 600 ló máa bo ilẹ̀ náà. Mo ra 630, torí àwọn kan á ṣáà fọ́ nínú ọkọ̀.

Ilẹ̀ gbígbẹ́ ni iṣẹ́ ọ̀hún, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ọjọ́ méjì gbáko la fi dígà gbẹ́ ẹ ní jíjìn sẹ̀ntímítà 20. Ní igun kan, dígà wọlẹ̀ wọ̀ọ̀ bí ìgbà tí ọwọ́ wọ ẹ̀bà: ààtàn àtijọ́ ni. Ọ̀rá, agolo mílíìkì, ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká da yẹ̀pẹ̀ bò ó, ta ló máa mọ̀?" Ó ti rẹ̀ mí, mo gbà.

A fi rọ́bà gbọọrọ tí omi wà nínú rẹ̀ wo bí ilẹ̀ ṣe ga sí, kí ẹ̀gbẹ́ ògiri lè fi sẹ̀ntímítà 5 ga ju ẹ̀gbẹ́ gọ́tà lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ la kọ́kọ́ dà sí i, a yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ilẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ títí ó fi le. Lẹ́búlẹ́bú òkúta ló tẹ̀lé e, sẹ̀ntímítà 4, a fi pákó gbọọrọ fà á kó tẹ́jú. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Adìyẹ aládùúgbò ò gbọ́.

Títò ò gbà ju ọjọ́ kan lọ. Láti ẹ̀gbẹ́ ògiri la ti bẹ̀rẹ̀, a ń tẹ̀lé okùn, a ń fi òòlù onírọ́bà kàn án pẹ́pẹ́. A fi kọnkéré di etí rẹ̀ kó má baà ṣí, a sì gbá yanrìn tí a ti sá gbẹ sáàárín wọn. Yanrìn tútù kì í wọlé.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ dé, omi gba gọ́tà lọ wẹ́rẹ́, àfi ní igun ààtàn. Ibẹ̀ ti jin kòtò bí àwo ọbẹ̀. Mo tú bí 40 níbẹ̀; ẹyọ àkọ́kọ́ nìkan ló yọ mí lẹ́nu. Mo kó ìdọ̀tí náà jáde títí ihò fi dé orúnkún mi, mo da ilẹ̀ pupa àti òkúta sí i díẹ̀díẹ̀, mo ń gún un bí iyán kí n tó da òmíràn. Àbúrò mi ò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń bá mi gbé bárò.

Aṣọ ti padà sórí okùn báyìí. Ìyàwó mi ti ń bi mí pé, ẹ̀gbẹ́ kànga ńkọ́?